Àwọn Tí Kò Kọjá Omi

Láti ọdún tí mo ti fi Òkókómáíkò ṣe ibùgbé, Èkó ni ojú mi máa ń kọ sí ní gbogbo òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò á ti kún ibùdókọ̀, àwọn agbèrò á máa pariwo Mile 2 àti Ọ̀ṣọ́dì. Ẹni tí ó fẹ́ ra rédíò á sọ̀ kalẹ̀ ní Alábà, akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, òṣìṣẹ́ á sì máa bá tirẹ̀ lọ sí Erékùṣù. Ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ní yóò gba àárín títì wa kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Mile 2 ni ó ti ń ṣẹ́rí padà. Ṣùgbọ́n títì kan náà yìí ní apá kejì. Orúkọ ìlú tí apá kejì yẹn lọ ni ó ń jẹ́, tí a ń fi ẹnu pè lójoojúmọ́ láìronú sí i: títì Èkó sí Àgbádárìgì.

Ẹni tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí Èkó ní Òkókómáíkò, tí ó wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, yóò kọjá Ìjànìkín, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó di yunifásítì ní 2022 wà. Yóò kọjá oríta Àgbárá, yóò kọjá Mọ̀wó, kò sì ní í pẹ́ púpọ̀ tí yóò fi yà sí ọwọ́ òsì, sí ìlú àtijọ́ tí ó kọjú sí ọ̀sà. Omi tí yóò rí níwájú rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe omi àjèjì. Omi kan náà tí ó gba iwájú Ọ̀jọ́ kọjá lọ sí Èkó ni. Kí a tó la títì, òun ni títì. Láti Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, títí dé Èkó, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè rìn láìfojú kan ìgbì òkun. Orí omi yìí ni iyọ̀, ẹja, epo àti aṣọ gbà kọjá níwájú àwọn ìlú Àwórì. Ènìyàn náà gbà á kọjá. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà bí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa bá ń sọ pé ìtàn Àgbádárìgì, ìtàn àwọn Ẹ̀gùn ni, pé kò kan Àwórì. Ẹrú tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé láàárín Èkó àti Àgbádárìgì, ojúde wa ni ó gbà.

Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí ìyá mi ni ó fà mí lọ síbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìmọ̀ ìtàn ni ó ń kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì ní kí ó lọ wo àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé etí ọ̀sà, kí ó kọ ohun tí ó bá rí. Ó wá bá mi nílé ní ọjọ́ Sátidé kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ìtàn.” Mo ti mú àlejò lọ síbẹ̀ nígbà méjì ṣáájú, mo sì rò pé ìrìn àjò ọjọ́ kan tí kò le ni. N óò sọ bí ó ṣe le.

Ìlú ńláńlá káàkiri ayé a máa kó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn jọ sí etí omi, kí àlejò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ sí i. Ní Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, etí adágún Michigan ni mùsíọ̀mù tí a ń pè ní Field wà, òun àti ilé ẹja àti ilé ìwòràwọ̀. Ní Èkó tiwa, Oníkan ni mùsíọ̀mù tí ìjọba ṣí ní 1957 wà, ilé tuntun tí a fi orúkọ J. K. Randle pè, tí a yà sọ́tọ̀ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, sì wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ láti fi kó nǹkan sí ni ìwọ̀nyí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti Àgbádárìgì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwọn ilé náà gan-an ni nǹkan tí a wá wò. Ilé ẹni tí ó ta ẹrú wà níbẹ̀, ilé àwọn tí ó wá wàásù pé kí a má ta ẹrú mọ́ kò jìnnà sí i, ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ lásán ni a fi lè rin gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Agbethe ni ó ní oko níbẹ̀, pé orúkọ oko rẹ̀ ni ó yí padà di orúkọ ìlú. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ni onílé, wọ́n sì pín ìlú sí àdúgbò mẹ́jọ tí olúkúlùkù ní olóyè tirẹ̀. Ní ọjà Vlekete tí a kọ́kọ́ dé, wọ́n sọ fún wa pé láti 1502 ni a ti ń ta ẹrú níbẹ̀. Ọmọbìnrin yìí kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá onílé jiyàn nínú ilé rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn Potogí ti ń rìn ní etíkun wa láti nǹkan bí 1472. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òpìtàn rí nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò òkun ni pé Àgbádárìgì di èbúté ẹrú lẹ́yìn tí Dàhòmì ṣẹ́gun Allada ní 1724, tí ó sì ṣẹ́gun Ouidah ní 1727. Àwọn tí ogun lé sá wá sí ìlà oòrùn, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé wọn. Robin Law, òpìtàn ará Britain, fi hàn pé Huntokonu tí àwọn Ògù ń dárúkọ nínú ìtàn wọn kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Hendrik Hertogh, oníṣòwò ará Họ́lándì kan tí ó sá dé ibẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1730. Àwọn ará ìlú kò gbàgbé rẹ̀, orúkọ ni ẹnu yí padà. Ọdún tí wọ́n kọ sára pátákó lè ṣìnà, kí ìtàn tí wọ́n ń sọ sì tọ̀nà. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí àwọn kan wà tí wọn yóò rí àṣìṣe kan lára pátákó, tí wọn yóò sì tìtorí rẹ̀ ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ìlú yìí gbóná. Owó ẹyọ tí ó ti àwọn erékùṣù Maldives wá, tábà Bahia láti Brazil, ìbọn, ọtí àti aṣọ ni wọ́n ń kó sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń kó lọ. Ní 1784, Dàhòmì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n sì run ìlú náà. Ó tún gbérí. Nígbà tí Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní òpin 1825, Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé lórí ìtẹ́, ni wọ́n bá níbẹ̀. Clapperton kú ní Sókótó ní 1827, Lander nìkan ni ó padà dé etíkun. Àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú fẹ̀sùn kàn án pé amí ni, wọ́n sì fún un ní májèlé mu gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Ó mu ún, kò kú. Òun àti àbúrò rẹ̀ tún gba Àgbádárìgì wọlé ní 1830, wọ́n sì tẹ̀ lé Ọya dé òkun.

Ní ilé àwọn Mobee, ọmọ ìdílé náà fúnra rẹ̀ ni ó fi àwọn irin hàn wá: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́, ti ẹsẹ̀, ti ọrùn, àti irin tí wọ́n ní a fi ń dí ẹnu ẹrú. Yàrá náà kò tóbi. Ó gbé ẹ̀wọ̀n kan fún mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì fà mí sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù níbẹ̀ ni pé ìdílé tí bàbá ńlá wọn ṣòwò ẹrú ni ó kó irin náà pa mọ́, tí ó sì ń sọ ọ́ fún àlejò pé, “Ohun tí bàbá wa fi ṣiṣẹ́ nìyí.” Ìdílé mélòó nílẹ̀ Yorùbá ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa ni ọmọ ẹni tí wọ́n jí kó. A kì í gbọ́ ọmọ ẹni tí ó jí ènìyàn kó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ìjọ CMS parí ní 1845, tí wọ́n ní òun ni ó kọ́kọ́ dúró ní orílẹ̀-èdè tí ó di Nàìjíríà lónìí, wà ní iwájú ọ̀sà gan-an. Àwọn míṣọ́nnárì méjì, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dé ní 1842, wọ́n sì wàásù Kérésìmesì ọdún náà lábẹ́ igi Àgíà. Igi náà wó ní 1959, òkúta ìrántí sì ni ó kù níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Townsend padà wá, òun àti Gollmer àti àlùfáà aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel Àjàyí Crowther. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ó pè wọ́n ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Ọdún kan ààbọ̀ ni Àjàyí fi dúró sí Àgbádárìgì.

A ti sọ ìtàn Àjàyí tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n: bí wọ́n ṣe kó o ní Òṣogùn ní 1821, bí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822, bí ó ṣe di bíṣọ́ọ̀bù tí ó sì túmọ̀ Bíbélì. Ohun tí a kì í sọ tó bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá rẹ̀, Àfàlá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ, ìyá náà tún bọ́ sí oko ẹrú, nílẹ̀ Yorùbá níbí, lọ́wọ́ àwọn tí ń sọ èdè rẹ̀. Kò rí òkun. Kò sí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kankan tí ó lè gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, nígbà tí Àjàyí dé Abẹ́òkúta tán, òun àti ìyá rẹ̀ fojú kanra lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1848 ìyá ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Àwọn àgbà ní, ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú sì ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àfàlá ni ìyá tí òwe yìí ń sọ, òun fúnra rẹ̀ sì tún ni ẹrú inú òwe náà. Mo dúró ní yàrá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, mo ń wo ọ̀sà láti ojú fèrèsé, mo sì rò ó pé ọmọ rẹ̀ jókòó síhìn-ín fún ọdún kan ààbọ̀ láìmọ̀ pé ìyá òun ṣì wà láyé.

Láti ibẹ̀ a lọ sí àgbàlá tí wọ́n ń pè ní bàrákúùnù àwọn ará Brazil, ilé àhámọ́ Ṣẹ́ríkí Williams Abass. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yìí, láti Jóga-Orílé nílẹ̀ Yewa, Fárẹ̀mí sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ìdílé rẹ̀ ní ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú. Abass ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ní i, Williams ni orúkọ ẹni tí ó mú un lọ sí Brazil. Ó kọ́ èdè, ó kọ́ òwò, ó padà wá sí etíkun, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ó dàgbà di olórí ìlú lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó kú ní 1919, sàréè rẹ̀ sì wà nínú àgbàlá náà. Yàrá 40 ni wọ́n ní ilé náà ní nígbà kan. Díẹ̀ ni ó kù, wọ́n kéré, fèrèsé kan bí ojú ìwé ni ó ń fún wọn ní atẹ́gùn. Amọ̀nà ní agbòjò kan ni wọ́n ń fi ra ẹrú 40.

Níbí pẹ̀lú, mo ní kí ọmọbìnrin náà ṣírò. Wọ́n ní láti àwọn ọdún 1840 ni ilé àhámọ́ náà ti wà. Bí Ṣẹ́ríkí bá ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1840, á jẹ́ pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ó kú. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó kọ́ ilé náà ṣáájú rẹ̀. Brazil ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrú láti òkè òkun ní 1850, wọn kò sì tà wọ́n síbẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ta wá ni ó wà nínú yàrá wọ̀nyí lẹ́yìn ìgbà náà? Ọmọbìnrin náà dáhùn kí n tó parí. Ó ní, “Bàbá, àwọn tí kò lọ.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Nígbà tí a fi òfin dí ọ̀nà òkun, a kò dá ogun dúró nílẹ̀. Ogun àárín àwọn Yorùbá kò tán pátápátá títí di 1893, ẹni tí a bá sì mú, ó gbọ́dọ̀ wúlò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ epo pupa àti èkùrọ́ fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ wọn. Ta ni yóò gun ọ̀pẹ? Ta ni yóò tẹ epo, tí yóò rù ú dé etí omi, tí yóò wa ọkọ̀ tí ó gbé e lọ sí Èkó? Kristin Mann kọ ìwé ńlá kan jáde ní 2007 lórí bí ẹrú ṣe kọ́ ìlú Èkó, mo sì rọ ẹni tí ó bá lè kà á pé kí ó kà á. Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di tiwọn ní 1861, wọ́n gba Àgbádárìgì ní 1863, òfin wọn kò sì mọ ẹrú. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí òwò epo bàjẹ́, nítorí náà wọ́n ń gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa náà ń gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí a rà, a ní ìwọ̀fà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún èlé owó tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yá, ó mọ ilé bàbá rẹ̀, ó sì ń padà síbẹ̀ bí owó bá san. Ẹrú kò ní ibi tí yóò padà sí.

Ọ́fíìsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1863 náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2002. Wọ́n tò ó dáadáa. Láti yàrá dé yàrá, ènìyàn ń tẹ̀ lé ẹrú láti ọjọ́ tí wọ́n mú un, sínú ẹ̀wọ̀n, sórí omi, sínú oko ìrèké, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. A rìn ín tán. Ọmọbìnrin yìí yí padà sí amọ̀nà tí ó mú wa káàkiri, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, yàrá tí àwọn tí kò kọjá omi wà ńkọ́? Àwọn tí a rà, tí a sì fi sílé?” Amọ̀nà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní, “Àǹtí, ilé yín ni kí ẹ ti bèèrè ìyẹn.”

Ọmọ náà wo ojú mi. Mo wo pátákó tí ó wà lára ògiri.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, nínú agbo ilé bàbá ìyá mi, ní ìlú kan létí ọ̀sà tí n kò ní í dárúkọ, ojúlé mẹ́rin ni à ń kà. Bí oyè bá ṣófo, ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń jẹ ẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n ilé márùn-ún ni ó wà ní àgbàlá náà. Ẹni tí ó bá ní ojú lè kà wọ́n. Ìkarùn-ún wà lẹ́yìn, nítòsí kànga. Orúkọ kan náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ pẹ̀lú wa, wọ́n ń dá owó ẹbí bí gbogbo wa ti ń dá a, a sì ti fẹ́ra, a ti bímọ fúnra. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí owó ilẹ̀ bá délẹ̀, a óò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí “àwọn ọmọ” kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀yìn yẹn ni ọmọbìnrin yìí ti wá.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo bi ìyá ìyá mi léèrè. Èkùrọ́ ni ó ń pa lọ́wọ́. Ó ní ẹnu ẹni tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta yóò wú. Nígbà tí ó di alẹ́, ó pè mí sí orí ẹní rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Obìnrin kan ni wọ́n rà nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé, láti inú ọkọ̀ tí ó ń kọjá lọ lórí ọ̀sà. Láti òkè ni ó ti wá. Ilà ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ó mọ epo í ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, epo rẹ̀ ni wọ́n sì tà tí wọ́n fi fi páànù bo ilé ńlá, ilé tí a fi ń yangàn láàárín ìlú. Ó ní kí n má ṣe sọ ọ́. N kò sọ ọ́. Láti ìgbà náà, mo ti kọ̀wé lórí ẹrú ní Brazil, mo ti kọ̀wé lórí ẹrú ní Kúbà.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ó gbé wa sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, a wọ ẹ̀wù tí í gbé ènìyàn léfòó, a sì rin ọ̀nà oníyanrìn tí àwọn ẹrú rìn lọ sí etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ní ẹni tí ó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Ní Ouidah, ní Benin, níbi tí wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tiwọn dúró sí ní 1995, igi kan ni wọ́n ní àwọn ẹrú ń yí po fún irú iṣẹ́ kan náà. N kò gbà á gbọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja lẹ́nu àwọn ará Bahia yóò mọ̀ pé kànga náà kò ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó lọ kò gbàgbé. Ìgbàgbé tí mo mọ̀, ẹ̀yìn wa níhìn-ín ni ó wà, ní apá ibí ọ̀sà.

Ibi tí òkun ti ń bú ni ìrìn náà parí sí. A dúró díẹ̀, a kò sọ̀rọ̀, a padà.

Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún un, bí a ti ń sọdá padà. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, mo ní láti gbé ohùn sókè sọ ohun tí wọ́n fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ fún mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní kò sí ọmọ ilé ẹ̀yìn tí kò mọ̀. Ó ní ohun tí òun ń wá ni kí ẹnì kan láti iwájú sọ ọ́. Mo bi í bóyá yóò kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí yunifásítì fún un. Ó ní òun yóò kọ ọ́, àti pé bí àwọn àgbà bá bínú, kí n bá òun dá wọn lóhùn. Mo ṣèlérí. Oyè agbo ilé náà ṣófo ní ọdún náà gan-an, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá bèèrè orúkọ ìyá náà. Mo sọ ọ́. Mo sì sọ fún un pé orúkọ tí ilé wa fún un nìyẹn, pé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yọ ìwé rẹ̀ jáde, ó gbé e lé orúnkún, ó kọ ọ́. Ó ní kí n jọ̀wọ́ kí n tún un pè díẹ̀díẹ̀, kí òun lè fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ.